Sóbò wọ inú CPU mi ní Ṣómólú

Bí nǹkan olómi bá dà sí kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú, gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí ló máa di ẹnjiníà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà á ní kí ẹ gbé e sóòrùn. Ẹni tó wá ṣe fọ́tókọ́pì á ní kí ẹ rì í mọ́ inú ìrẹsì. Ẹlòmíì á ní ẹ̀gbọ́n òun kan fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ní sàlúùnù gbẹ tiẹ̀. Àmọ́ ìmọ̀ràn tó léwu jù ni èyí tó rọrùn jù láti gbà: "Ẹ tàn án ká wò ó, bóyá kò tiẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan." Gbólóhùn yẹn ti pa kọ̀ǹpútà tó pọ̀ lójú mi, àwọn tí omi nìkan ì bá má pa.

Iṣẹ́ dìsáìnì ni mò ń ṣe, ní ọ̀kan lára àwọn òpópónà tó wọ Ṣómólú láti Onípànù. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló kún ìgboro: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, sítíkà, páálí oògùn, ìwé ètò ìsìnkú. Orí CorelDRAW ni mo máa ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, débi pé Àǹtí Corel làwọn ọmọdé àdúgbò ń pè mí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mò ń lò, tòkúnbọ̀ irú èyí tí àwọn ọ́físì òkè òkun máa ń tà dànù. Ó lágbára, ó sì ṣeé tú palẹ̀ ju láptọ́ọ̀pù lọ. Orí tábìlì ni CPU rẹ̀, ìyẹn àpótí tó kó gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ sí, ń dúró sí, kì í ṣe abẹ́ tábìlì. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹni tó bá ti gbé Ṣómólú lásìkò òjò mọ ibi tí omi máa ń gbà wọlé.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, màmá àgbàlagbà kan wá láti Bàrígà nítorí ìwé ètò ìsìnkú ọkọ wọn. Ọmọ-ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn wá, ó mú ike sóbò tútù kan lọ́wọ́. A ń wo fọ́tò Bàbá lójú mọ́nítọ̀, màmá ń sọ pé fìlà yẹn kọ́ làwọn fẹ́, kí n wá èyí tí wọ́n dé aṣọ òkè. Ọmọ náà gbé ike lé orí CPU, ike ṣubú, sóbò gba àwọn ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde lókè rẹ̀ wọlé pátá. Díẹ̀ ta sí kíbọ́ọ̀dù.

Ẹ̀rọ náà ò kú o. Fáànù ń yí, Bàbá ṣì ń wò wá lójú mọ́nítọ̀. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn, wọ́n á ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹn, kò sí wàhálà, kí wọ́n yáa sáré parí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn CPU, mo fa wáyà iná rẹ̀ yọ láti ara òun fúnra rẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ save iṣẹ́, mi ò tẹ shut down, mi ò sì lọ wá súwíìṣì ara ògiri.

Súwíìṣì ara ògiri ò wúlò fún irú ọ̀ràn yìí ní Èkó. Nítorí ìwà NEPA (orúkọ yẹn ò lè kúrò lẹ́nu wa láéláé), ìdí UPS, àpótí oníbátìrì tó ń gbé iná dúró, ni gbogbo wa so kọ̀ǹpútà wa mọ́, àwọn tí ọwọ́ wọn tó o sì ní inverter. Tí ẹ bá pa iná ògiri, UPS á kàn máa ké bíìp bíìp ni, á sì máa fún ẹ̀rọ ní iná lọ. Ẹ̀yin á rò pé ẹ ti gba ẹ̀rọ yín là, iná ṣì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú sóbò. Torí náà, ẹ̀yìn CPU gan-an ni kí ẹ ti fa á. Bí omi bá ti ṣàn dé ìdí ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tàbí UPS ní tirẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ẹ lọ pa iná láti ìdí bírékà, ẹ dẹ̀ pa inverter. Ẹ̀mí èèyàn lówó lórí ju kọ̀ǹpútà lọ.

Pé ẹ̀rọ wà ní pípa náà kò tó. Bí wáyà bá ṣì wà lára rẹ̀, power supply, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, á ṣì máa fi iná kékeré kan, 5V lọ́pọ̀ ìgbà, ránṣẹ́ sí mádábọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́; iná yẹn ló ń mú kó lè jí nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn tí ẹ bá fa wáyà yọ, bátìrì róbótó kan ṣì wà lórí mádábọ́ọ̀dù, wọ́n kọ CR2032 sí i lára, 3V ni. Mo tún tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ìyókù iná inú rẹ̀ lè tán, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi èékánná tú bátìrì yẹn kúrò. Ìgbà yẹn ni mo tó mí kanlẹ̀.

Omi fúnra rẹ̀ kì í pa mádábọ́ọ̀dù tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀dù gan-an máa ń fọ òmíràn lẹ́yìn tí wọ́n bá jó òjé mọ́ ọn tán. Ìgbà tí iná bá bá omi lórí rẹ̀ ni nǹkan ń bàjẹ́. Àwọn ojú ọ̀nà bàbà tó wà lórí bọ́ọ̀dù sún mọ́ra gan-an. Bí omi tó ní iyọ̀ tàbí kíkan nínú bá so méjì pọ̀, tí iná sì wà nínú ọ̀kan, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ níbi tí iná ti ń jáde, á tò lọ sí ìhà kejì bí èèrà tó gbóòórùn ṣúgà, títí tí méjèèjì á fi kanra. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ á ti kú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó fún un. Bí kò bá sí iná, ìbàjẹ́ yẹn kò lè yára bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin á sì ráyè ṣiṣẹ́ yín.

Màmá ti dìde. Wọ́n di ọmọ yẹn létí mú.

"Ọmọ mi, ṣé fọ́tò Bàbá ò tíì bá a lọ?"

"Fọ́tò Bàbá wà, Mà. Inú hard disk ló wà, sóbò ò débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ sílẹ̀."

"Ọjọ́ Ẹtì la ń sìnkú o. Àwọn ìdílé ti ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú."

"Màá parí ẹ̀, Mà."

Kí n tó bá CPU ṣe nǹkan kan, hard disk ni mo kọ́kọ́ tú. Nínú tèmi, ìsàlẹ̀ iwájú ló wà, sóbò ò kàn án rárá, àmọ́ mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún lára. Ẹ kíyè sí i pé hard disk oníyíyí ní ihò kékeré kan tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú rẹ̀. Bí omi bá wọ ibẹ̀, ẹ má ṣí i, ẹ má sì tàn án, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ gbígba fáìlì padà. SSD, irú tí nǹkan kan ò yí nínú rẹ̀, ò ní irú ihò yẹn, ara rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà kan wà tó ń so hard disk mọ́ ojú USB, mo gbé tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkejì mi tó ń ṣe sítíkà, mo sì parí ìwé Bàbá lórí ẹ̀rọ tiẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Fìlà aṣọ òkè náà bọ́ sí i. Bí ẹ bá ti yanjú ọ̀rọ̀ oníbàárà, kò sẹ́ni tó máa dúró lé yín lórí pé kí ẹ tan ẹ̀rọ tí kò tíì gbẹ.

Ọ̀rọ̀ wá kan sóbò. Irú nǹkan tó dà ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Omi tó ń kán láti ara AC rọrùn díẹ̀. Omi bọhóòlù ní èròjà inú ilẹ̀ nínú, omi inú ọ̀rá náà ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tíì oní-mílíìkì á rùn, ọ̀rá rẹ̀ á sì dì mọ́ gbogbo ihò. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ṣúgà, ó tún kan. Sóbò wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìṣápá pupa fúnra rẹ̀ máa ń kan, wọ́n rọ ṣúgà sí i, wọ́n fi atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀yìnbó sí i. Kíkan á máa jẹ irin, ṣúgà á gbẹ, á lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, á tún máa fa ọ̀rinrin inú atẹ́gùn mọ́ra. Ní Èkó wa yìí, tí atẹ́gùn ò ti gbẹ àyàfi ìgbà ọyẹ́, bọ́ọ̀dù tí ẹ rò pé ó ti gbẹ á tún máa lọ́rinrin. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan fi máa ń tàn dáadáa lẹ́yìn tí nǹkan dà sí i, tí yóò sì kú lẹ́yìn bí oṣù méjì, tí olówó rẹ̀ á máa fi NEPA bú.

Torí náà gbígbẹ nìkan ò tó, àfi kí ẹ fọ̀ ọ́. Ibí ni mo ti bá àwọn èèyàn jiyàn jù. Mo lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà láti ra isopropyl alcohol, irú èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń nu bọ́ọ̀dù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú ọ̀nà Ọ̀tìgbà ní kí n má fowó ṣòfò.

"Àǹtí, ẹ ra fẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é."

Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe é. Àmọ́ fẹ́ẹ̀lì máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ó ń jẹ rọ́bà kan àti ike kan, inú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ń sùn lẹ́bàá rẹ̀ sì ni a fẹ́ ti lò ó. Mo ní kó ṣeun, mo kọjá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé isopropyl alcohol náà kì í yọ ṣúgà dáadáa. Ẹ bu ṣúgà díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ rò ó títí, ìsàlẹ̀ ni ẹ ti máa bá a. Omi ló ń yọ́ ṣúgà. Torí náà omi ni mo kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, àmọ́ kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Omi tí wọ́n ti yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀ kúrò ni, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ní inverter láti fi kún bátìrì wọn. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó rà á o, torí ásíìdì bátìrì máa ń wà lórí káńtà kan náà nínú ike tó jọ ọ́. Distilled water tàbí deionised water ni kí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Mo tú RAM, bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ìrántí ẹ̀rọ, mo tú fáànù àti irin ńlá tó ń mú processor, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tutù, mo tú mádábọ́ọ̀dù kúrò nínú àpótí. Kí n tó tú ohunkóhun, mo fi fóònù ya fọ́tò ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń lọ, pàápàá àwọn wáyà tín-ín-rín tó lọ sí bọ́tìnnì ìtanná. Ojú sóbò ti hàn lẹ́bàá àwọn ihò RAM, ó pupa, ó ń dán, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun, èyí tó rọ̀, bọ inú omi bátìrì yẹn, mo ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń ṣẹ́ ẹ dànù, mo ń dà òmíràn lé e, títí omi tó ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ fi funfun. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá da isopropyl alcohol lé e. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti lé omi jáde lábẹ́ àwọn nǹkan kéékèèké tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé, kó sì gbẹ kíákíá. Èyí tí wọ́n kọ 99% sí lára ni kí ẹ wá. Èyí tí wọ́n kọ 70% sí, omi ni ìyókù. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì jẹ́ kí iná wà nítòsí, torí ó máa ń gbiná.

Bí àwọn wúrà tó wà létí RAM bá ti dúdú, írésà ọmọ iléèwé tó mọ́ ti tó láti fi pa á títí yóò fi dán.

Power supply nìkan ni mi ò ṣí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù lásán. Ó ní kàpásítọ̀ ńlá kan nínú tó máa ń tọ́jú iná tó lé ní 300V, iná yẹn sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fa wáyà yọ. Sóbò ti wọ inú tèmi, mo gbọ́ bó ṣe ń mì nínú rẹ̀ nígbà tí mo gbé e. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ra òmíràn. Ẹ̀yin tó ń lo tòkúnbọ̀ ọ́físì, ẹ gbọ́ èyí: power supply ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe irú èyí tó kún ọjà. Ó lè kéré jù, tàbí kí ẹnu wáyà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí tàwọn tó kù. Ẹ gbé ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wé ara wọn lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ìrẹsì ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìrẹsì. Kò fa omi kúrò lábẹ́ processor, eruku rẹ̀ á wọ gbogbo ihò RAM, kò sì mọ bó ṣe máa yọ ṣúgà. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì báyìí, ẹni tó bá ní èyí tó tó rì CPU mọ́lẹ̀ yẹ kó lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ̀rọ ìgbẹrun náà gbóná jù, ó ń rọ ike, ó sì ń ti omi wọnú níbi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Ti oòrùn sàn díẹ̀, àmọ́ ó ti ṣú òjò lọ́jọ́ yẹn, eruku títì Ṣómólú ò sì jẹ́ kí n gbà á rò.

Inú yàrá tó ní AC ni mo gbé bọ́ọ̀dù lọ. AC máa ń fa ọ̀rinrin inú atẹ́gùn jáde, ìdí nìyẹn tí omi fi ń kán lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kẹ́míìsì lápá Palmgrove, AC rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ nítorí oògùn. Ó bá mi gbé bọ́ọ̀dù sórí pẹpẹ lẹ́yìn káńtà, ní òró, fáànù kékeré kan ń fẹ́ sí i. Ó ní oníbàárà méjì béèrè bóyá ẹ̀rọ tó ń wo ìfúnpá ni. Ọjọ́ méjì ni ó kéré tán tí ẹ gbọ́dọ̀ fún bọ́ọ̀dù tí ẹ fọ̀ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ yìí, bí ẹ bá sì lè fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún un. Kíbọ́ọ̀dù rọrùn ní tirẹ̀. Mo fi omi lásán fọ̀ ọ́, mo dojú rẹ̀ dé, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi gbẹ.

Nígbà tí mo máa tàn án, mi ò to gbogbo nǹkan padà. Power supply tuntun, mádábọ́ọ̀dù, processor tí mo ti fi thermal paste tuntun (ìpara tó ń gbé ooru lọ sára irin) sí lábẹ́ irin rẹ̀, RAM ẹyọ kan, bátìrì CR2032 tuntun. Mi ò fi hard disk sí i, torí bí nǹkan bá máa jóná, kí iṣẹ́ àwọn oníbàárà má bàa bá a lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi dúró ti ìdí wáyà pé bí òun bá gbóòórùn kan, òun á fà á yọ. Fáànù yí, mọ́nítọ̀ tan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò rí hard disk. Inú wa dùn sí ẹjọ́ tó ń rò yẹn. Mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí n tó fi ìyókù kún un, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá yọ bátìrì yẹn, aago kọ̀ǹpútà á padà sí ọdún àtijọ́. Àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì á wá máa kọ̀ láti ṣí, wọ́n á máa sọ fún yín pé ibẹ̀ ò ní ààbò. Ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe kí ẹ tó ro pé kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus) ló wọ ẹ̀rọ yín.

Màmá ránṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n fi ìrẹsì àti ẹran ránṣẹ́ sí wa nínú kúlà, wọ́n sì ní kí n sọ iye power supply. Mo gba ìdajì. Láti ìgbà yẹn CPU ṣì wà lórí tábìlì, torí òjò ò tíì jáwọ́, àmọ́ mo ti sún un sí ìgun tó jìnnà sí àga oníbàárà, mo sì gbé àpótí kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ohun mímu ń dúró sí. Ojú USB méjì tó wà níwájú rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, sóbò ti jẹ irin inú wọn kí n tó dé ibẹ̀. Mo fi téèpù dúdú lẹ̀ wọ́n pa, kí ẹnikẹ́ni má bàa ki flash bọ̀ ọ́, kó sì máa bi mí pé kí ló ṣe fáìlì òun.